Brighton àbí Chelsea: èwo ni kí ẹgbẹ́ kékeré wò ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìpàdé wa tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Àwọn kan ní ká ṣe bíi Chelsea, ká kó ọ̀dọ́ jọ, ká fún wọn ní àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ kí ẹnikẹ́ni má bàa já wọn gbà mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn yòókù ní Brighton, tí àwọn àti Chelsea jọ wà ní England, ló yẹ ká wò, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń ta ẹni tó dáa nínú wọn, síbẹ̀ wọn kò já sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wò, ta ni ká tẹ̀ lé? Ẹ sì jọ̀ọ́, báwo ni Chelsea ṣe ń ra èèyàn tó bẹ́ẹ̀ yẹn tí òfin kò dá wọn dúró?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá ẹgbẹ́ náà o. Brighton ni kí ẹ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé títà ni ọgbọ́n wọn kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń tà. Ohun tí Brighton fi ta ọ̀pọ̀ yọ ni pé kí oníbàárà tó dé, ẹni tí yóò bọ́ sípò ẹni tí wọ́n máa tà ti wà nílé, tàbí kí wọ́n ti mọ ilé tí wọn yóò ti lọ mú un.

Ẹ wo Moisés Caicedo. Oṣù kejì 2021 ni Brighton rà á lọ́wọ́ Independiente del Valle ní Ecuador, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 pọ́n-ùn. Wọn kò sáré jù ú sójú pápá. Wọ́n kọ́kọ́ fi í yá ẹgbẹ́ Beerschot ní Bẹ́ljíọ̀mù kó lọ gbóná níbẹ̀, wọ́n sì pè é padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ 2023, Chelsea san mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn lórí rẹ̀, ó sì tún lè fi mílíọ̀nù 15 kún un. Kí oṣù náà tó parí, Brighton ti mú Carlos Baleba, ọmọ Cameroon, ẹni ọdún 19, wá láti Lille. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní 2022: Marc Cucurella lọ sí Chelsea, Pervis Estupiñán dé láti Villarreal nínú oṣù kan náà.

Ti akọ́nimọ̀ọ́gbá kò yàtọ̀. Chelsea gba Graham Potter lọ́wọ́ wọn ní oṣù kẹsàn-án 2022, oṣù náà kò sì tíì tán tí Roberto De Zerbi fi jókòó sípò rẹ̀. Sáà yẹn gan-an ni Brighton ṣe ipò kẹfà, tí wọ́n sì rí ọ̀nà dé ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Ìwé owó wọn fún sáà náà fi èrè mílíọ̀nù 122.8 pọ́n-ùn hàn lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó orí. Ó wú mi lórí gidigidi, nítorí mo mọ bí ó ti ṣòro tó kí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó rí èrè kankan. Tony Bloom tó ni ẹgbẹ́ náà kọ́ ọrọ̀ rẹ̀ lórí ìṣirò tẹ́tẹ́, ìṣirò ọ̀hún ló sì gbé wọ inú ríra àti títà: Japan, Ecuador, Argentina, ibi tí àwọn ẹlòmíì kò tíì tẹ́tí sí. Chelsea mọ iyì rẹ̀, torí wọ́n mú Paul Winstanley, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá Brighton ṣàwárí agbábọ́ọ̀lù, lọ sọ́dọ̀ ara wọn.

Ó ku ti Chelsea, ibẹ̀ ni ìbéèrè yín kejì sì wà. Láti ìgbà tí Todd Boehly, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, àti ilé iṣẹ́ olówó Clearlake ti ra ẹgbẹ́ náà ní 2022 ni wọ́n ti ń ra ọ̀dọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà náà, òfin liigi England kò sọ iye tí ẹgbẹ́ lè ná. Àdánù ló fi òdiwọ̀n sí: kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 105 pọ́n-ùn lọ láàárín sáà mẹ́ta. Bí ẹgbẹ́ bá sì ra agbábọ́ọ̀lù, a kì í kọ gbogbo owó náà sí ọdún kan nínú ìwé. A máa ń pín in sórí iye ọdún tó wà nínú àdéhùn rẹ̀. Ní ìparí oṣù kìíní 2023, wọ́n ra Enzo Fernández lọ́wọ́ Benfica ní mílíọ̀nù 106.8 pọ́n-ùn, wọ́n sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ àti ààbọ̀. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.6 ni ìwé máa gbé lọ́dún kan. Ká ní àdéhùn ọdún márùn-ún ni wọ́n fún un, ì bá lé ní mílíọ̀nù 21. Ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n fi rí àyè ra ẹlòmíì. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, rí i, ó dí ihò náà ní 2023, liigi England sì tẹ̀ lé e nínú oṣù kejìlá ọdún kan náà: bí àdéhùn ì báà gùn tó, ọdún márùn-ún ni wọ́n máa pín owó sí báyìí.

Apá kejì ni ti àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé. Ọmọ tí ẹgbẹ́ kò rà kò ní iye kankan nínú ìwé, nítorí náà gbogbo owó tí wọ́n bá tà á ni èrè. Nígbà tí Mason Mount lọ sí Manchester United ní 2023 ní mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn, èrè ni gbogbo rẹ̀ lójú ìwé. Ó dùn mí pé ìṣirò yìí ń ti ẹgbẹ́ láti ta ọmọ tirẹ̀ ṣáájú àlejò, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wà nìyẹn.

Ibi tí ọ̀nà Chelsea ti ń ta èèyàn lẹ́pá ni owó oṣù. Owó tí a fi ra ẹni ṣeé pín, ṣùgbọ́n owó oṣù kò ṣeé pín, oṣù ń bọ̀, ẹ ó san. Wọ́n fún Raheem Sterling ní àdéhùn ọdún márùn-ún ní 2022. Ní 2024 akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun kò fẹ́ ẹ mọ́, wọ́n fi í yá Arsenal, ó padà dé ní 2025, ó sì dá ṣe ìgbáradì lọ́tọ̀. Àdéhùn gígùn dè é mọ́ Chelsea, ó sì de Chelsea mọ́ ọn. UEFA pẹ̀lú ṣírò ti wọn ní oṣù keje 2025, ó sì bu owó ìtanràn yúrò mílíọ̀nù 31 lé wọn lórí.

Ẹ jẹ́ ká fún Chelsea ní ẹ̀tọ́ wọn o. Ní 2025 wọ́n gba Conference League, wọ́n sì gba ife àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Paris Saint-Germain pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí òdo. Brighton kò gba liigi tàbí FA Cup rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni Chelsea lè gbé àṣìṣe mílíọ̀nù 50 mì. Ẹ̀yin kò lè gbé e mì, àwa náà kò lè gbé e mì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sí Ọ̀ṣun. Àdéhùn gbọọrọ tí àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ yín ń fẹ́ yẹn, FIFA kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún ni òpin rẹ̀ àyàfi bí òfin orílẹ̀-èdè bá gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí kò bá sì tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí èyí tó ju ọdún mẹ́ta lọ. Èyí tó wá léwu jù fún ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ ń fà: bí ẹ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù méjì, tó kọ̀wé fún yín, tí ọjọ́ 15 sì kọjá láìsan án, ó ní ẹ̀tọ́ láti fi yín sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin tó kù nínú ìwé náà kò ní gbà yín. Ẹ kọ iye ọdún tí ẹ mọ̀ pé ẹ lè san, kí ẹ sì máa tún un ṣe nígbà tó bá ku ọdún kan. Bí ẹ bá jẹ́ kó parí, ẹ ó rí ohun tí Fulham rí: Tosin Adarabioyo, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Manchester, parí àdéhùn rẹ̀ níbẹ̀ ní 2024, ó rìn wọ Chelsea, Fulham kò sì rí kọ́bọ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ kékeré fi ń rí owó gan-an ni ìwé ìforúkọsílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Sáà kọ̀ọ̀kan láti ọmọ ọdún 12 sí 15 ní 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, láti 16 sókè sì jẹ́ 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọmọ kan bá wà lọ́dọ̀ yín fún sáà mẹ́ta láti ọdún 16, tí wọ́n sì wá tà á ní mílíọ̀nù 2 yúrò, 30,000 yúrò jẹ́ tiyín. Bí wọ́n bá tún tà á, ẹ tún nípìn-ín, kódà bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá wà ní orílẹ̀-èdè kan náà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yin bá wà ní òkèèrè. Fluminense ní Brazil ló tọ́ João Pedro, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí ìpín nígbà tí Brighton tà á fún Chelsea ní oṣù keje 2025. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi gbá góòlù méjì wọlé wọn nínú ìdíje àgbáyé yẹn.

Owó yìí kò lè dé ọ̀dọ̀ yín bí orúkọ ọmọ náà kò bá sí lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ tòótọ́ àti ọjọ́ tó wọ ẹgbẹ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Kí akọ̀wé yín sì ní ìwé kan tó kọ orúkọ ẹni méjì sábẹ́ ipò kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ń gbá a báyìí, àti ẹni tí yóò gbà á bí ó bá lọ lọ́la. Ohun tí Brighton ń ṣe nìyẹn, kò sì ní ná yín ju bíírò àti àkíyèsí lọ.

Bí aṣojú kan bá wá bá yín pé òun fẹ́ gbé ọmọ ọdún 16 lọ sí ẹgbẹ́ ní Yúróòpù báyìí, ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun. FIFA kò gba kí ọmọ tí kò tíì pé 18 kọjá orílẹ̀-èdè nítorí bọ́ọ̀lù, àyàfi ní ọ̀nà díẹ̀ tí kò kan ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ẹ pe àwọn òbí rẹ̀ sí ìpàdé náà, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín.