Fláàṣì 2 TB olówó pọ́ọ́kú: kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ló jẹ fọ́tò yín

Ìbéèrè: Òkun o, ọ̀gá. Fọ́tò ni mò ń yà ní Ìsánlú. Mo ra fláàṣì 2 TB lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti Ṣáínà, owó pọ́ọ́kú ni. Kọ̀ǹpútà mi kà á sí 2 TB lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò ìgbéyàwó tí mo yà ní Mọ̀pà kò ṣí mọ́, orúkọ wọn nìkan ló kù. Antivirus wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Òkun o. Ẹ má ná kọ́bọ̀ lórí antivirus. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà, gbólóhùn kan náà ni gbogbo yín sì ń sọ: "Kọ̀ǹpútà kà á sí 2 TB." Kọ̀ǹpútà kò ka nǹkan kan. Ó béèrè ni, wọ́n sì parọ́ fún un.

Nǹkan méjì ló wà nínú fláàṣì: ibi tí fáìlì ń wọ̀ gan-an, àti ṣíìpù kan tí à ń pè ní kọntírólà, tó ń dá kọ̀ǹpútà lóhùn. Ẹ fi wé àká àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àká yín lè má ju 32 tàbí 64 GB lọ (2 TB tó 2,000 GB), àmọ́ àwọn oníjìbìtì ti kọ́ olùṣọ́ pé bí wọ́n bá bi í, 2 TB ni kó wí. Ẹ kó ẹrù dé, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Àká kún, kò wí fún ẹnì kan, ó ṣì ń kọ. Ẹrù tuntun ńkọ́? Ó dà á nù, tàbí kó da ti àtijọ́ nù kó lè ráyè. Ìwé yẹn lẹ̀ ń wò tí ẹ fi ń rí orúkọ fọ́tò àti bó ṣe tóbi tó. Fọ́ọ̀mátì, ìyẹn kí ẹ nu fláàṣì náà mọ́ kó dà bíi tuntun, kò lè wò ó sàn. Ẹ kàn fún òpùrọ́ ní ìwé tuntun ni.

Ẹni tó bá ní òun á gba gbogbo fọ́tò náà padà, tó sì ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ sá fún un. Ohun tí kò wọlé, ta ni yóò mú un jáde? Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé lè ṣì wà. Ẹ kó wọn sí kọ̀ǹpútà lónìí. Bí ẹ kò bá tíì ya nǹkan míì sórí káàdì kámẹ́rà tí ẹ fi ya ìgbéyàwó náà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ ni ìrètí wà. (Mi ò rí fláàṣì náà o, ohun tí ẹ sọ ni mò ń dáhùn.)

Láti dán bí fláàṣì ṣe tóbi tó gan-an wò, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ H2testw wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún Windows, F3 sì wà fún Linux àti Mac. Wọ́n á kọ nǹkan kún fláàṣì, wọ́n á sì kà á padà. Bó bá ń gba 10 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 2 TB yóò ju ọjọ́ méjì lọ, iná wa kò sì lè gbé e. Ẹ ní kó dán 100 GB wò, bíi wákàtí mẹ́ta ní kíkọ. Bó bá kùnà, ọ̀rọ̀ ti parí. Bó bá yege, kò tíì parí.

Fláàṣì 2 TB gidi wà: Kingston gbé ọ̀kan jáde ní 2017, ó sanra, ó sì wọ́n.

Èmi náà ń rajà láti Ṣáínà lórí íntánẹ́ẹ̀tì o: okùn kámẹ́rà, aṣọ ẹ̀yìn fọ́tò, sukurudiráfà. Ohun tí ojú mi lè rí àbùkù rẹ̀ ni mò ń rà. Fláàṣì àti bátìrì, rárá.

Ní ti owó yín, bí ẹ kò bá tíì tẹ̀ ẹ́ pé ọjà dé láyọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àwòrán àbájáde ìdánwò ránṣẹ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lórí ọjà náà kí àkókò tí wọ́n fún yín tó pé. Ẹni tó tà á lè fẹ́ dá díẹ̀ padà kí ẹ lè fagi lé ẹjọ́. Ẹ má gbà. Gbogbo owó ni kí ẹ béèrè.