Fọ́tò láti ojú fèrèsé bàálù: kí ló dé tí tèmi kì í mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbàkúùgbà tí mo bá wọ bàálù ni mo máa ń ya fọ́tò láti ojú fèrèsé, àmọ́ kì í mọ́. Nígbà míì, ojú ara mi ni mo máa ń rí nínú rẹ̀. Mo wá ra polarizer, ìyẹn dígí tí wọ́n ń fi sí ojú lẹ́ńsì láti dín dídán kù, fún kámẹ́rà mi, ni gbogbo rẹ̀ bá di àwọ̀ òṣùmàrè. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ yọ polarizer yẹn ná. Ike ni fèrèsé bàálù, kì í ṣe dígí. Wọ́n ti fà á nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ìyẹn ni polarizer ń sọ di òṣùmàrè. Owó yín kò ṣòfò, ẹ máa lò ó nílẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni fèrèsé yìí sábà máa ń ní. Èyí tó kángun sí yín, tí gbogbo èrò ń fọwọ́ kàn, tí wọ́n ń forí tì, ni àpá máa ń pọ̀ lára rẹ̀ jù. Ihò kékeré kan tún wà nísàlẹ̀ ìpele àárín, yìnyín sì máa ń dì yí i ká lókè. Ẹ má ya fọ́tò gba ibẹ̀.

Ẹ sún lẹ́ńsì mọ́ fèrèsé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kàn án, torí bàálù ń gbọ̀n. Ẹ fi aṣọ dúdú dí àlàfo tó kù, ẹ pa filáàṣì àti iná orí ìjókòó yín. Ojú ara yín kò ní yọ mọ́. Ẹ ṣí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ńsì sí f/4 tàbí f/5.6, bí ẹ bá sọ ọ́ di kékeré dé f/16, gbogbo àpá ara ike ló máa hàn. Kí ìyára shutter, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, má lọ sílẹ̀ ju 1/500 ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ní tèmi o, ìjókòó ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà lọ. Ẹ yan iwájú apá bàálù. Lẹ́yìn apá, ooru ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí ilẹ̀ rí wúruwùru. Ẹ jókòó sí ìhà tí oòrùn kò sí: bí bàálù bá ń lọ sí àríwá láàárọ̀, ọwọ́ òsì ni.

Ní nǹkan bí 10,000 mítà sókè, kùrukùru ti máa ń bo ilẹ̀. Kété tí bàálù bá gbéra àti ìgbà tó bá fẹ́ balẹ̀ ni fọ́tò ilẹ̀ máa ń dára jù. Àwọn òṣìṣẹ́ bàálù lè ní kí ẹ gbé kámẹ́rà ńlá pamọ́ nígbà yẹn. Ẹ gbọ́ tiwọn, kí ẹ fi fóònù tó wà ní flight mode yà á. Ojú lẹ́ńsì fóònù kéré, ẹ lè rí ibi tí kò lápá gbé e sí.