Ṣé oògùn lè bá wa gbààwẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ ọdún 47 ni mí. N kò ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n òun ló pa bàbá mi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, lójoojúmọ́, pé ohun tí jíjẹun díẹ̀ ń ṣe fún ara ló ń ṣe. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀.

Láti 1935 ni Clive McCay ti fi hàn ní yunifásítì Cornell, l'Amẹ́ríkà, pé eku tí wọ́n ń díwọ̀n oúnjẹ fún ń pẹ́ láyé ju eyí tó ń jẹ àjẹyó lọ. Bí oúnjẹ bá dín kù, ara á fi ìdàgbà sílẹ̀, á dojú kọ àtúnṣe, bí ìyàwó ilé tí owó ọjà ò tó lọ́wọ́, tó wá ń tú kọ́bọ́ọ̀dù wo ohun tó kù. Oògùn tó máa tan ara jẹ pé oúnjẹ ti wọ́n ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá.

Rapamycin, tó ti inú erùpẹ̀ erékùṣù Rapa Nui wá, mú ẹ̀mí eku gùn ní 2009. Ẹ má tọ́ ọ wò. Oògùn àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ni, ó ń tẹ agbára tí ara fi ń bá àrùn jà mọ́lẹ̀.

Metformin ni tiyín. Ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ dín ṣúgà tó ń tú sẹ́jẹ̀ kù. L'Amẹ́ríkà, wọ́n dán an wò lára àwọn tó lé ní 3,000 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè, tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Èsì rẹ̀ jáde ní 2002: metformin dín àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 31 nínú 100. Àwọn tó dín oúnjẹ kù, tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn fún wákàtí méjì ààbọ̀ lọ́sẹ̀ ńkọ́? Ìdá 58! Inú mi máa ń dùn sí iye yìí, torí kò sẹ́ni tó ń ta ìrìn ẹsẹ̀.

Ìyá kan gbé páálí metformin tó rà fúnra rẹ̀ lé tábìlì mi lọ́jọ́ kan. Ìgbẹ́ gbuuru ti mú kí ojú rẹ̀ jìn wọnú. Bí èèyàn bá lò ó pẹ́, vitamin B12 lè dín lára. Ó léwu fẹ́ni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ lọ yẹ ṣúgà wò láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Bó bá wà láàárín 100 sí 125 mg/dL, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́. Metformin lè wúlò nígbà náà. Bí kò bá tó 100, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta èbà alẹ́ yín, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ dí i.