Èsì: Multicast tó ń gba gbogbo ọ̀nà lórí íńtáféèsì ráútà

Ẹ kú wàhálà. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè ṣe é kí multicast (ìṣàn kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà pọ̀) má baà gba gbogbo ọ̀nà lórí íńtáféèsì (ojú ìsopọ̀) ráútà yín. Iye ṣánẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ dín kù, ẹ má fi policer (àṣẹ tó ń ju dátà tó bá kọjá ìwọ̀n nù) gé ìṣàn náà. Orí UDP ni fídíò multicast yín ń gbà, UDP kì í sì í rọra bíi TCP (ọ̀nà ìfìdátà-ránṣẹ́ kejì) tí ọ̀nà bá há. Tí ẹ bá gé e, gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì ló máa máa já lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ní 20 Mbps lẹ fẹ́ yà sọ́tọ̀, ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ 4 Mbps. Márùn-ún nìyẹn. Lórí Cisco IOS, ẹ wọ inú íńtáféèsì náà, kí ẹ kọ àṣẹ yìí (IGMP ni ẹ̀rọ òǹwòran fi ń béèrè ṣánẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ráútà):

ip igmp limit 5

Ẹni tó bá béèrè ṣánẹ́ẹ̀lì kẹfà, ráútà ò ní dá a lóhùn. Àwọn tó ti ń wo tiwọn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí àwọn tó ń wò ó bá wà lórí íńtáféèsì yẹn gan-an. Tó bá jẹ́ ráútà mìíràn ló ń fi PIM (èdè tí àwọn ráútà fi ń béèrè multicast lọ́wọ́ ara wọn) béèrè, àṣẹ yìí ò ní rí i rárá. ip multicast limit out, pẹ̀lú access-list (àtòjọ àdírẹ́sì tí àṣẹ náà máa kàn), ni kí ẹ lò níbẹ̀.

Tó bá di dandan kí ẹ lo policer, ẹ jọ̀ọ́, 239.0.0.0/8 (àwọn àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 239) nìkan ni kó mú, tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ṣánẹ́ẹ̀lì yín wà. Mo ti fi policer tó mú 224.0.0.0/4 (gbogbo àdírẹ́sì multicast) lódindi sí ẹnu ìwọlé rí. Ó gbé hello OSPF (ìkíni tí àwọn ráútà fi ń mọ̀ pé ẹnì kejì ṣì wà) tó ń gba 224.0.0.5 lọ pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú àáyá 40 péré, ráútà kejì ti já. Òru ni, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi àṣẹ show ip mroute active wo iye tí ìṣàn kọ̀ọ̀kan ń jẹ ná. Ó lè jẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń jẹ ju 4 Mbps tí ẹ rò lọ.