Màmá Ibiṣẹ́ Dáhùn: Ta Ni Kí N Lé Nínú Àwọn Mẹ́sàn-án?

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Káléńdà àti ìwé ètò ìgbéyàwó la máa ń tẹ̀ jù. Ajah ni mò ń gbé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ gun ẹ̀rọ kí n tó fọwọ́ sí i. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ ni mò ń ra ìrẹsì àti adìyẹ fún wọn, mo sì rán àǹkárá fún gbogbo wọn ní Kérésìmesì. Síbẹ̀ ojú wọn kì í túká. Ẹni mẹ́ta ti lọ láti ọdún tó kọjá, àwọn oníbàárà sì ń dá iṣẹ́ padà. Kì í ṣe pé mo ń gbàgbàkugbà o: ìwé tí ẹnikẹ́ni bá bà jẹ́, mò ń yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù rẹ̀. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Victoria Island, wọ́n ní kí n lo “lean”, ohun tí mo sì gbọ́ níbẹ̀ ni pé kí n dín òṣìṣẹ́ kù. Ta ni kí n lé? Báwo ni inú àwọn tó bá kù ṣe máa dùn?
— Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé, Ṣómólú

Ọmọ mi, o kú ìnáwó ìrẹsì. Má tíì lé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní ò ń yọ owó ìwé tó bàjẹ́ lára owó oṣù, ṣe ni mo fi lẹ́tà rẹ sílẹ̀ ná, mo lọ mu omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe alábòójútó ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú tó ń ṣe ìdérí ìgò oníke. Òfin yẹn gan-an la ń lò. Ìdérí tó bá bàjẹ́, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ló máa san án. Láàárín oṣù díẹ̀, ìdérí tó bàjẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú àkọsílẹ̀ wa. Ọ̀gá ń yọ̀, èmi náà ń yọ̀. Àṣé inú kúlà oúnjẹ ni wọ́n ń kó o gbà jáde! Ọjọ́ tí kúlà arábìnrin kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní géètì, tí ìdérí pupa dà sílẹ̀ yàà, ni àṣírí tú. Mo bú u títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé mọ́ọ̀dù ẹ̀rọ náà ti sán láti oṣù mẹ́ta. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ ló máa sanwó, nítorí náà kò sẹ́ni tó sọ.

Lean tí wọ́n sọ fún ọ yẹn, ọ̀nà iṣẹ́ kan ni, ọ̀dọ̀ Toyota ló ti ṣẹ̀. Kí wọ́n tó kan mọ́tò rárá, Sakichi Toyoda, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Jàpáànù, ẹ̀rọ ìhunṣọ ló ń ṣe. Èyí tó gbé jáde lọ́dún 1924 máa ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já. Ohun tí àwọn tó ń hun òfì ní Ìsẹ́yìn ń ṣe náà nìyẹn: òwú já, ọwọ́ dúró, wọ́n so ó, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, Toyota na okùn sí ìtòsí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá rí àléébù, kó fà á. Olórí ikọ̀ á sáré wá, bí wọn ò bá sì tètè rí i yanjú, iṣẹ́ á dúró.

Gbọ́ èyí wò. General Motors, iléeṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà, ti ilé iṣẹ́ kan pa ní Fremont, ní Kalifọ́níà, lọ́dún 1982. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a máa pa iṣẹ́ jẹ, mọ́tò wọn ò sì dára. Lọ́dún 1984, General Motors àti Toyota jọ ṣí i padà, ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ náà ni wọ́n sì gbà. Àwọn ènìyàn kan náà o! Wọ́n fún wọn ní okùn fà, mọ́tò sì dára. Nígbà tí ọjà kùtà, wọn ò lé wọn, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn. John Krafcik, tó ṣe ẹnjiníà níbẹ̀, ló fún ọ̀nà iṣẹ́ yìí lórúkọ lean, ìyẹn bí ẹran tí kò lọ́ràá, lọ́dún 1988. Ọ̀rá tó ní kí wọ́n gé ni ẹrù tí ilé iṣẹ́ ń kó jọ pelemọ sí yàrá, kì í ṣe ènìyàn.

Ó yá, ká wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ. Nígbà tí ìwọ bá wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lórí Third Mainland, ẹni mẹ́sàn-án ń wo ògiri. O dé tán, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Inú eré yẹn ni àṣìṣe wà. Taiichi Ohno ti Toyota ka oríṣi ìfiṣòfò 7, ìdúró asán sì wà nínú wọn. Adìyẹ ò lè san ìyẹn. Jẹ́ kí ẹni tó dàgbà jù nídìí ẹ̀rọ máa fọwọ́ sí iṣẹ́ kéékèèké. Tí ńlá bá dé, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp.

Lọ́jọ́ Ajé, sọ fún gbogbo wọn pé o ò yọ owó ẹnikẹ́ni mọ́. Gbé agogo kékeré kan kọ́ sára ògiri, kí ẹni tó bá rí àṣìṣe lù ú. Ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ bá lù ú, ojú rẹ ni gbogbo wọn máa wò, nítorí náà ṣọ́ ojú rẹ. Má bèèrè ẹni tó ṣe é; bèèrè ohun tó fà á, kí o tún bèèrè ohun tó fa ìyẹn. Ká ní àwọ̀ pupa yẹ̀ lórí káléńdà: ìwé ló fa omi. Ó fa omi torí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí òjò ń gbà wọlé ni ẹ kó o sí. Ẹ kó o síbẹ̀ torí yàrá ti kún. Ta ló ra ìwé oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí ẹ̀dínwó? Hẹn-ẹn.

Ṣùgbọ́n bí owó oṣù wọn kò bá tó wọkọ̀ láti Ìkòròdú, má wulẹ̀ ra agogo. Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe.

Ìrẹsì ọjọ́ Jímọ́, má dá a dúró, èmi náà fẹ́ràn ìrẹsì. Àmọ́ kí o tó bu tìrẹ lọ́sẹ̀ yìí, yọjú wo abẹ́ ẹ̀rọ àti ẹ̀yìn páálí. Bí o bá bá ìwé tó bàjẹ́ níbẹ̀, má ṣe bèèrè ẹni tó kó o síbẹ̀.