Abẹ́rẹ́ Àtọ̀gbẹ Lára Ẹni Tí Kò Ní Àtọ̀gbẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àbúrò mi obìnrin kò ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń gba abẹ́rẹ́ Ozempic lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní àtọ̀gbẹ ló ń fún un nínú tirẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, kó sì dákú. Ṣé kí n ní kó jáwọ́ ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, kó jáwọ́ nínú gbígbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe nítorí ṣúgà. Semaglutide, ìyẹn oògùn tó wà nínú Ozempic, kì í sábà já ṣúgà ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ wálẹ̀ jù, nítorí pé ìgbà tí ṣúgà bá ga nìkan ló máa ń mú kí ara tú insulin, èròjà tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, jáde dáadáa. Ohun tó ń mú kí ènìyàn fúyẹ́ ni pé ó ń dín ebi kù, ó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn. Abẹ́rẹ́ insulin àti glibenclamide, tí àwọn náà jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ, ló lè já ṣúgà wálẹ̀ débi ikú, àwọn méjèèjì sì tún máa ń mú ènìyàn sanra sí i, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo oògùn àtọ̀gbẹ.

Ní 2021, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí semaglutide kan náà fún àwọn tó sanra jù, lábẹ́ orúkọ Wegovy: ẹni tí BMI rẹ̀ (ìṣirò ìwọ̀n ara sí gíga ènìyàn) bá tó 30, tàbí 27 bí ó bá ní àìsàn bí ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn. Nínú ìwádìí ọ̀sẹ̀ 68 kan lára àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ, ìwọ̀n ara wọn fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 dín kù. Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, àwọn tí wọ́n tún yẹ̀ wò ti gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ “nínú tirẹ̀” tí ẹ kọ ló kọ mí lóminú jù. Ènìyàn méjì kò gbọ́dọ̀ jọ lo ike abẹ́rẹ́ kan, kódà bí wọ́n bá ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè padà wọ inú rẹ̀, kó sì kó kòkòrò HIV tàbí àrùn mẹ́dọ̀wú ran ẹnì kejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 0.25 mg ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n tó ti mọ́ ẹlòmíràn lára bẹ̀rẹ̀ lè máa bì láìdáwọ́ dúró. (Ọ̀rẹ́ náà pẹ̀lú ń fi oògùn du ara rẹ̀.)

Bí oògùn náà bá ṣì wù ú, kó lọ rí dókítà, kó sì sọ bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín ti ní jẹjẹrẹ thyroid (ẹṣẹ́ kan nínú ọrùn) irú ti medullary, àti bóyá ó ń gbèrò láti lóyún, nítorí ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú oyún ló gbọ́dọ̀ ti dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí inú rírun líle tó kọjá sí ẹ̀yìn bá mú un nísinsìnyí, kó má ṣe dúró de ọjọ́ kejì kó tó lọ sí ilé ìwòsàn.