Orin Malaika: ta ló kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé láti Kubwa, tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ mọ èwo ló jẹ́ ojúlówó nínú gbogbo Malaika tó wà níta, kẹ́ ẹ lè lò ó níbi àádọ́rin ọdún màmá yín, ẹ kú ìmúra o. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, torí ojú mi rí màbo lórí orin yẹn ní Kaduna.

Fadhili William, ọmọ Kẹ́ńyà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Jambo Boys ló kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1960. Ó tún un gbà lọ́dún 1963 pẹ̀lú Black Shadows, lábẹ́ ilé iṣẹ́ àwo Equator ní Nairobi. Ti Miriam Makeba, olórin ọmọ South Africa, tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ló dé: ó wà nínú àwo tí òun àti Harry Belafonte jọ ṣe lọ́dún 1965, tó gba Grammy. Boney M ṣe tiwọn ní 1981, Angélique Kidjo tó máa ń fi Yorùbá kọrin náà sì fi tirẹ̀ sínú Logozo ní 1991. Ní ti ẹni tó ni orin gan-an, ìjà ni. Fadhili ní òun ni, àwọn kan ní Adam Salim, ọmọ Tàǹsáníà, ti ń kọ ọ́ ṣáájú. Fadhili kú lọ́dún 2001, ìjà ò parí.

Bàbá mi ní àwo 45 ti Fadhili yẹn, pẹ̀lú àwọn àwo jùjú àtijọ́, àwọn tó nípọn tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan (45 ni ti Fadhili). Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan pé kí wọ́n bá mi gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀gá ò sí, ọ̀gá wà ní Abuja. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí yàrá àwo wá yẹ ti bàbá mi wò, ó ní ayédèrú ni, pé Makeba ló ni Malaika. Orúkọ Fadhili sì wà lára lébẹ́ẹ̀lì, níwájú ojú rẹ̀! Irú wọn ni ìjọba ń sanwó oṣù fún.

Òun náà ló júwe ẹnjiníà kan fún mi. Ọkùnrin yẹn gba owó gọbọi, ó da sípíríìtì sí òwú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwo 78. Dúdú ń bá òwú jáde bíi ẹ̀yìn ìkòkò. Kí n tó pariwo, ibi tó ti nù kò dán mọ́, ojú ìlà ti yọ́ pọ̀. Ṣẹ́láákì, irú oje kan tó máa ń gbẹ líle, ni wọ́n fi ṣe àwọn àwo yẹn, sípíríìtì a sì máa yọ́ ọ. Omi, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ló tó o, kómi má sì kan bébà àárín rẹ̀. Abẹ́rẹ́ 78 náà yàtọ̀ sí ti 45. “Ẹnjiníà” ò mọ̀ ọ́n! Bàbá mi ní, “Ta ló ní kó o kó ẹrù mi fún aláìmọ̀kan?” Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí.

Ẹ má fi àwo sílẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú oòrùn Abuja yìí o, á ká. Bí ẹ̀rọ àwo yín bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ń gba iná tààrà láti ojú iná ara ògiri, ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tan án tẹ́ ẹ bá ń gbà á sílẹ̀. Tíná rẹ̀ ò bá dúró sójú kan, orin á máa fà, á tún máa sáré.

Ní ti gbígbà á sórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá ẹ̀rọ àwo tó ní USB, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì fi ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀ gbà á. Tẹ́ ẹ bá ti rí àwo kan, ẹ kọ ohun tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ síbí kẹ́ ẹ tó sanwó, màá bá yín wò ó.